Ìyá Hájà Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Ilé Ọtí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àdúrà wa, ẹ kú àfojúsọ́nà. Níbi tí mo jókòó sí yìí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Treichville, ìkúnlẹ̀ ni mo fi kí yín. Ṣé ara le? Ṣé ojú yẹn ti dẹ̀ díẹ̀? Mo kí Bùrọ̀dá mi Sùlé, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ìyàwó wa Táíbátù, torí mo mọ̀ pé òun ló jókòó tì yín tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Táíbátù, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má fo ìlà kankan. Níbi tí o bá ti rí i pé mò ń pariwo, kí ìwọ náà pariwo. Màámi kì í ṣe ẹyin, ọ̀rọ̀ ò lè fọ́ wọn.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí fóònù, tí mo wá lọ gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta fún gbogbo ayé kà. Màámi, ọ̀rọ̀ náà ti wà níta kí n tó gbé e. Fídíò mi ti kárí Abidjan. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Adjamé ti rí i, àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà ní Yopougon ti rí i, ẹnì kan tilẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí èmi gan-an pé kí n wá wo wèrè obìnrin kan ní Riviera. Kò mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo wọn rí ẹnu mi tó ń ṣí tó ń pa dé, wọ́n rí ìborùn mi tó já bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mò ń wí, torí wọ́n ti fi orin bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè mọ ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín.

Òjò ti dé síbí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á kún gọ́tà, á gba ojú títì, àwọn gbaka, ìyẹn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń kó èrò, á máa fọ́n ọn sí wa lára, àwa tí a to abọ́ síta á wá máa sáré kó wọn wọlé. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹni tó bá wá, á gbé ìkòkò wò, á kan ìdí rẹ̀ kó-kó-kó, á gbé e sílẹ̀, á ní òun ń bọ̀. Mi ò ráhùn ṣá. À ń jẹ, à ń mu, a sì dúpẹ́. Ohun tó ń ṣe mí ni pé ilé ti dá. Láti ìgbà tí Ìyá Hájà ti kú, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ tí mo bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán nírọ̀lẹ́. Kúdí ọmọ mi gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dá mi lóhùn, tí inú rẹ̀ bá sì dùn, á tún gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìgboro ibí lé e lórí. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí ẹ ò mọ̀ wá, Ìyá Hájà ni ẹ̀gbọ́n Màámi, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Àwọn ló mú mi wá sí Abidjan nígbà tí mo ṣì ń pààrọ̀ eyín, àwọn ló kọ́ mi ní òwò abọ́, àwọn ló sì rán Mùfú àbúrò mi lọ sí ilé ìwé débi tó fi di ẹni tó ń de táì lọ sí ọ́fíìsì. Ìyá Hájà kì í gba iwájú ilé ọtí kọjá. Nígbà tí wọ́n ṣí maquis, ìyẹn ilé ọtí etí títì, sí òdì kejì ṣọ́ọ̀bù wa, ńṣe ni wọ́n yí àga wọn padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń tajà títí wọ́n fi kú. Oníbàárà á dúró sẹ́yìn wọn máa ná ọjà, àwọn náà á máa dá a lóhùn láìwẹ̀yìn. Wọn ò sì fẹ́ràn fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ya fọ́tò láyé wọn, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, torí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ìwé ìrìnnà láìní fọ́tò. Ìwé ìrìnnà ọ̀hún sì bá iná lọ lọ́jọ́ tí ilé tí à ń gbé jó. Kò sí ojú wọn níbì kankan mọ́. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Ó wá ṣe, Kúdí yege nínú ìdánwò bac, ìyẹn ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama níbí. Ẹ bá mi dúpẹ́. Mùfú ní òun máa gbé wa lọ jẹun ní ibi tí gbogbo ìlú ń sọ. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, mi ò lè máa polówó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Riviera ló wà, nítòsí ibi tí Mùfú ń gbé. Oúnjẹ àti ọtí ni wọ́n ń tà pa pọ̀. Wọ́n ti gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ, àwọn òyìnbó máa ń ti pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ tààrà tàwọn tẹrù. Èèyàn ò lè dédé wọlé, àfi tó bá ti pè wọ́n ṣáájú. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, Kúdí kun ètè, a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa oúnjẹ wọn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìbínú ló gba ẹnu mi. Ẹja wọn dùn. Wọ́n dín in débi tó yẹ, kò gbẹ, kò sì rọ̀. Atiéké wọn, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tí wọ́n fi ooru sè, ó fúyẹ́ lẹ́nu, ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dòdò wọn náà dára. Ṣùgbọ́n, Màámi, oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ lórí bébà ní Yopougon lórí bẹ́ǹṣì etí gọ́tà náà ni! Òun náà ni wọ́n gbé sórí òkúta dúdú, wọ́n to ata díẹ̀ sí i létí bíi yẹtí, wọ́n sì ń gba owó tí ojú ń ti èmi láti kọ síbí. Orin wọn ń han débi pé Mùfú fẹnu kàn mí létí kí n tó gbọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi fọwọ́, wọ́n gbé nǹkan funfun kan tí wọ́n ká róbótó sínú àwo wá, ó ń ta sánsán. Mo rò pé jíjẹ ni. Ìgbà tí mo gbé e sẹ́nu ni Kúdí fọwọ́ bo ojú, aṣọ ìnuwọ́ ni! Àga wọn ńkọ́? Àpótí kúkúrú ni wọ́n kó sílẹ̀, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Wọ́n ní bí ọjà ló ṣe yẹ kó rí. Ta ló ń jókòó bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Èmi tí mò ń jókòó lọ́jà lójoojúmọ́ ayé mi, àga tó ní ẹ̀yìn ni mò ń lò!

Gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan. Mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ara mi, inú mi sì ń dùn. Mùfú ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti ìgbà tí a ti wọlé, mi ò mọ̀ pé ó ti gbé nǹkan pamọ́ fún mi. Nígbà tí a jẹun dé ìdajì, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó kọjú rẹ̀ sí mi, ó ń ya fídíò, ó ní kí n wẹ̀yìn wò.

Màámi, Ìyá Hájà ni mo rí. Wọ́n yà wọ́n sára ògiri láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ojú wọn tó máa ń wo èèyàn bí ẹni pé ó jẹ wọ́n ní àlàyé, ìborùn funfun Mẹ́kà, ilà gọ̀ǹbọ́ tí wọ́n kọ fún ẹ̀yin méjèèjì ní kékeré. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun ilà náà, ó ń dán. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi kọ́kọ́ dùn, omi bọ́ lójú mi, mo fẹ́ dìde lọ dì mọ́ ògiri. Ìgbà yẹn ni ojú mi wá balẹ̀ sí àyà wọn. Wọ́n kan pẹpẹ mọ́ ọn, pẹpẹ lórí pẹpẹ, ìgò ọtí ló kún un, láti ìhà ìhín dé ìhà ọ̀hún. Àwọn tó ń ta ọtí náà á na ọwọ́ sí Ìyá Hájà láyà, wọ́n á mú ìgò, wọ́n á dà á sínú ife, wọ́n á tún gbé e padà sí wọn láyà.

Bí mo ṣe ń wò ó ni ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa dé, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bi mí ní Faransé bóyá mi ò ní tọ́ Hájà wò. Ó ní Hájà ló lókìkí jù nínú ilé àwọn. Mo wo Kúdí pé kó túmọ̀ fún mi, bóyá mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Kúdí sọ orí kọ́. Mùfú ní omi ìṣápá lásán ni. Ọmọkùnrin yẹn, pẹ̀lú ìgbéraga, wá ń ka àwọn ọtí líle tí wọ́n dà sínú omi ìṣápá náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo sọ, tí wọ́n fi orin bò mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́ ọ: mo bi wọ́n pé ta ló bí wọn, ṣé ìyá tiwọn náà ní orúkọ tí èèyàn lè máa fi pe ọtí. Mo ní obìnrin tí ọtí ò kan aṣọ rẹ̀ rí láyé, tó tìtorí ọtí kẹ̀yìn sí ìgboro títí ó fi kú, ẹ̀yin lẹ wá dá a dúró síwájú ọtí títí láé, tí kò lè yíjú padà! Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Júlà, èdè tí a fi ń tajà níbí, mo fi Faransé mi tó gé sí wẹ́wẹ́ parí rẹ̀. Àwọn oníbàárà gbé fóònù sókè. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá láti gbé mi jáde, Júlà ni, nígbà tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ó rọra ń bẹ̀ mí, ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Òun nìkan ló ṣe bí ọmọ èèyàn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nínú ọkọ̀, Mùfú ní mo dójú ti òun. Mo ní òun ló dójú ti ìyá tó tọ́ ọ. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní nígbà tí òun wà nílé ìwé níbí, wọ́n máa ń pe òun ní Anàgó, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí, wọ́n á máa fi ìka fa ojú wọn láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ilà ojú àwọn èèyàn òun. Ó ní Ìyá Hájà wá mú òun ní ilé ìwé lọ́jọ́ kan, òun sá pamọ́. Ó ní ilà kan náà yẹn rèé lára ògiri tí àwọn òyìnbó ń tò láti bá ya fọ́tò, kí ló dé tí mi ò lè jẹ́ kí inú àwa náà dùn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ní kí inú rẹ̀ dùn níbòmíràn, kì í ṣe lábẹ́ ìgò.

A padà lọ rí ẹni tó ni ibẹ̀, èmi àti Mùfú, lọ́sàn-án tí èrò ò pọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún òyìnbó. Ẹ gbà mí, Màámi, obìnrin ni, ọmọ wa sì ni! Ọ̀yọ́ ni bàbá àgbà rẹ̀ ti wá, Treichville ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí òun sí kó tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé. Gbogbo ohun tí mò ń sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń fèsì. Tó bá jẹ́ òyìnbó ni, ǹ bá sọ pé àìmọ̀kan ni. Ó ní ọmọ oníṣẹ́ fọ́tò àtijọ́ kan ní Treichville ló ń ta fọ́tò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, òun ra díẹ̀ níbẹ̀, Hájà nìkan ni wọ́n kọ sẹ́yìn èyí. Fọ́tò náà pàápàá kò sí mọ́, omi òjò ti wọlé bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ya ògiri. Ó ní ìyá àgbà òun náà tajà ní ọjà yẹn, kò sì fi fọ́tò kankan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ya Ìyá Hájà, kí wọ́n lè dúró fún gbogbo àwọn ìyá yẹn. Ó ní láti bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Mo bi í bóyá tó bá jẹ́ ìyá àgbà tirẹ̀ ni, ṣé àyà rẹ̀ ló máa to ọtí sí.

Ó wá ní òun máa ṣe nǹkan kan fún wa. Ó ní òun máa ya tábìlì kan sọ́tọ̀ lábẹ́ ògiri náà fún ìdílé wa, ìgbàkígbà tí a bá wá, a ò ní san kọ́bọ̀. Mo rí ojú Mùfú tó tàn. Mo bi í níbẹ̀ bóyá ó ti ta ìyá wa fún wọn nítorí àwo ẹja. Mo sọ fún obìnrin náà pé kó kun ògiri yẹn pa, ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Ó ní ògiri yẹn ni àwọn èèyàn ń wá wò. Mo ní ó dáa.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ti lọ jẹun níbẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń bi mí bóyá kí àwọn ṣì máa lọ. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn àgbààgbà fọwọ́ sí i, àwọn ọ̀dọ́ kùn díẹ̀, wọ́n sì gbà. Wọ́n rán èèyàn sí obìnrin náà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ránṣẹ́ pa dà pé òun ti yọ orúkọ Hájà kúrò lára ọtí, òun ti tú pẹpẹ, ayàwòrán sì ń bọ̀ wá kun ògiri náà ní funfun lọ́jọ́ Ajé. Mo jó, Màámi. Mo dìde níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo jó. Mùfú ò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni ohùn yín dé sórí fóònù mi. Ẹ ò kí mi pẹ́. Ẹ ní Mùfú sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n yín wà lára ògiri ní Abidjan, pé wọ́n ga tó ilé. Ẹ ní ojú yín ò lè mú ohun tó wà nínú fóònù. Ẹ ní Mùfú ní òun máa tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà ńlá bíi ti àwọn olóṣèlú ránṣẹ́, ẹ ní rárá, ẹ̀gbọ́n yín ò du ipò. Ẹ ní ẹ ò bá wa sin wọ́n. Ẹ ní nígbà tí ẹ béèrè ibi tí a sin wọ́n sí, èmi ni mo sọ fún yín pé wọ́n ti ń sin òkú lórí òkú níbẹ̀, mi ò mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ní tí ẹ bá di ojú láti rántí wọn, ojú ìyá yín ni ẹ máa ń rí, tiwọn ti lọ. Ẹ ní tí òjò bá ti dá, ẹ ń bọ̀. Ẹ ní kí Mùfú mú yín dé ibi tí ẹ̀gbọ́n yín wà, kí ẹ kí wọn, kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ò béèrè ọ̀rọ̀ ìgò rárá.

Inú bí mi sí yín, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Mo fẹ́ pariwo mọ́ fóònù. Mo ní ṣé èmi nìkan ló ń jà fún obìnrin yìí ni, tí àbúrò mi ń tà á, tí àbúrò tirẹ̀ sì fẹ́ wá kí i nílé ọtí? Mo gbé abọ́ kan, mo sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Kúdí sáré jáde. Òun ló rán mi létí ọjọ́ tí a wà, pé bóyá ayàwòrán ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá kun ún tán, kí lẹ fẹ́ wá fọwọ́ kàn?

Màámi, mo sáré. Mi ò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. A wọ takisí, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ dí lórí afárá, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. A bọ́ sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn, a tún wọ òmíràn. Mo pe obìnrin náà, kò gbé e. Mo pe Mùfú, kò gbé e. Mo ń bú gbogbo wọn, mo ń bú òjò.

Ìsàlẹ̀ ni ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kun ọwọ́ wọn, ó ti kun àyà tí wọ́n to ìgò sí, ó ti kun ọrùn. Nígbà tí mo wọlé, ẹnu wọn ni ọ̀dà wà. Mo pariwo! Níbi kan náà tí mo ti ní kí wọ́n pa á rẹ́, mo ń ké kí wọ́n má pa á rẹ́. Ọmọkùnrin ayàwòrán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láti orí àkàbà. Mo gbá ẹsẹ̀ àkàbà mú títí ó fi sọ̀kalẹ̀, mo gùn ún, mo fi ìborùn mi bo ẹnu Ìyá Hájà, mo ń nu ọ̀dà, ọ̀dà ń wá, ẹnu náà sì ń bá a wá. Àwọn tó ń gbá ilẹ̀ gbé fóònù sókè. Fídíò kejì nìyẹn, ẹ̀yin ará Adjamé, èyí tí ẹ fi àkọlé sí pé obìnrin yìí ò mọ ohun tó ń fẹ́. Ẹ ṣeun. Mo mọ ohun tí mo fẹ́. Ohun méjì ni, wọn ò sì gba ara wọn láyè.

Láti imú lọ sókè ló kù. Ojú wọn wà níbẹ̀, iwájú orí wà níbẹ̀, ìborùn Mẹ́kà wà níbẹ̀, ìdajì ilà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ilé náà sọ̀kalẹ̀ wá. Kò bínú. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ mi tó funfun fún ọ̀dà, ó sì sọ Yorùbá sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́, Yorùbá tó ń kọsẹ̀. Ó pè mí ní ìyá òun. Ó ní kí ni kí àwọn ṣe, kí ọmọ náà kun ún tán ni, àbí kó wo fídíò Mùfú kó tún ẹnu náà yà. Èmi tí mo ti ní èsì fún gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo wá gbé ìpinnu lé yín lọ́wọ́. Mo ní ẹni tó ni ín wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní mo máa bi wọ́n.

Mo ṣì ń bínú o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ara mi ti balẹ̀. Mò ń bínú sí ẹni tó ta fọ́tò òkú, mò ń bínú sí ẹni tó rà á, mò ń bínú sí Mùfú, mò ń bínú sí òjò, mò ń bínú sí ara mi jù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń dá mi dúró lójú ọ̀nà mọ́sálásí láti bi mí bóyá ilé oúnjẹ yẹn tó ibi tí èèyàn ń padà lọ, èsì mi ò yí padà. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ ẹja yín ní Yopougon, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ara yín. Ṣùgbọ́n èmi máa padà lọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú Màámi, láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó ṣí ìgò àkọ́kọ́. A ò ní jókòó, a ò ní fẹnu kan nǹkan kan.

Màámi, ohun tí mo fi ìwé yìí bẹ̀ yín nìyí. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kun ún tán, wọ́n á kun ún. Tí ẹ bá ní kí wọ́n tún un yà, mi ò ní sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ọtí ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra nílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n dúró tì yín níbẹ̀, kí n máa wò yín, nígbà tí ẹ bá na ọwọ́ sí ibi tí ẹnu wọn wà tí ẹ ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò lè gba ìyẹn. Mo ti ní kí ayàwòrán má kó ọ̀dà rẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run dá ojú yẹn sí fún yín títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kó má jẹ́ kí ẹ rìn fún ẹkún. Kó fi Àlùjáńnà ṣe ilé fún Ìyá Hájà, kó sì dárí jì wá lórí ohun tí a fi ojú wọn ṣe láyé. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá mi, ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àgbà àti ọmọdé. Kúdí ní òun kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà òun, Yorùbá ló fi sọ ọ́. Táíbátù, ìwọ náà kú iṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Sàlámátù, Treichville.